Ilé Bàbá Wa ní Òsí àti Owó Orí Tó Bà Mí Lẹ́rù

Ní ìjọ wa, bí ènìyàn bá dìde láti jẹ́rìí, ohun tí àwọn ará máa ń retí ni ìwòsàn, ọmọ tuntun, tàbí ìjàǹbá ọkọ̀ tí Ọlọ́run yọ onítọ̀hún nínú rẹ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dìde sọ̀rọ̀ owó orí rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó orí ni tèmi, mo sì ti pinnu láti sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí mo mọ̀ pé lónìí, ní Òsí, ní Ìlọ́fà, ní Odò-Ọwá tí wọ́n bí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá sí, àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n jókòó yí ilé bàbá wọn ká, tí wọ́n fẹ́ tà á, tí wọn kò sì mọ ohun tí òfin fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nìyí: ẹ̀rù owó orí bà mí débi pé ó kù díẹ̀ kí n fi ọwọ́ mi fọwọ́ sí irọ́. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe tíṣà, tí mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé wọ́n wo ìwé ẹlòmíràn nígbà ìdánwò.

Bàbá wa kú ní 2011. Ilé oníyàrá mẹ́fà kan ló fi sílẹ̀ fún wa ní Òsí, lórí ilẹ̀ tí ẹbí pín fún un. Ó kọ́ ọ láàárín 1981 sí 1983, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna. Ọmọ márùn-ún ni wá láti ìdí méjì: ìyá mi bí mẹ́ta, ìyá wa kékeré bí méjì. Èmi ni àgbà pátápátá, ṣùgbọ́n àbúrò mi láti ìdí kejì ni àkọ́bí ọkùnrin, òun la sì ń pè ní Dáwódù. Àbúrò tó tẹ̀ lé mi nínú ìyá wà ní Manchester. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ń gbé inú ilé náà. Ayálégbé méjì ló wà níbẹ̀, owó ilé tí wọ́n ń san kò tó èyí tí a fi ń tún páànù ṣe.

Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwárà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwárà (KWASU) sí Òsí ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ilé lọ́wọ́ wa. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ ní Òmù-Àrán ṣáájú, nígbà tí Yunifásítì Landmark dé síbẹ̀ ní 2011: ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó wò ó tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń jà sí. Oníṣòwò kan láti Òmù-Àrán ló ra tiwa. Ó fẹ́ sọ ọ́ di ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. ₦9,500,000 la fẹnu kò sí, ní ìparí 2023.

Ìbẹ̀rù dé kí owó tó dé. Ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ ni yóò ní, "Ìjọba á gba ìdámẹ́wàá o." Ìdámẹ́wàá ₦9,500,000 jẹ́ ₦950,000. Mo ka owó yẹn lọ, mo kà á bọ̀. Àwọn kan tún ní wọ́n á fi owó orí owó ọjà VAT kún un, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí òfin yọ ilẹ̀ àti ilé kúrò nínú VAT. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ nígbà náà? Ẹni tó ń bẹ̀rù kì í wádìí. Ohun tí ẹ̀rù bá sọ fún un ló ń gbà gbọ́.

Bí mo bá wo ibi tí ẹ̀rù yìí ti wá, ó ti pẹ́. Ọmọdé ni mí nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn dìde nítorí owó orí ní 1968 sí 1969, àwọn tí a ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà. Ìpínlẹ̀ tiwa yàtọ̀ sí tiwọn, ṣùgbọ́n ìròyìn kì í mọ ààlà. Bàbá mi kì í jáde nílé lọ sí ìrìn-àjò láìmú rìsíìtì owó orí rẹ̀ sápò. Ó máa ń sọ bí àwọn àgbà ṣe ń sá wọ oko bí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn agbowó-orí ń bọ̀. Nínú ilé wa, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ owó orí, ohùn á rẹlẹ̀. Ohùn tó rẹlẹ̀ yẹn ni mo jogún, mo sì jogún rẹ̀ ṣáájú ilé.

Ẹnì kan tó ń bá wa to ìwé ilé náà ló gbé ìmọ̀ràn wá. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí ìtìjú kankan. "Ma, òótọ́ ni pé ₦9,500,000 lẹ tà á. Ṣùgbọ́n ₦4,000,000 la ó kọ sínú àgírímẹ́ǹtì. Gbogbo ayé ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí owó tó wà nínú ìwé bá kéré, owó orí ò ní sí." Ó ti tẹ ìwé náà. Ó ní kí n mú un lọ sílé, kí n kà á, kí n fọwọ́ sí i, kí n sì mú un padà wá.

Mo gbé ìwé náà sórí tábìlì oúnjẹ. N kò lè sọ pé ẹ̀rí-ọkàn mi dá mi lẹ́bi lójú ẹsẹ̀. Ká sòótọ́, ohun tí mo ń rò ni bí mo ṣe máa fi owó tí ì bá lọ fún owó orí san owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ mi. Mo wá àwáwí fún ara mi. Mo ní ìjọba kò gbé omi ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà bàbá mi rí. Mo ní bàbá mi ti san owó orí tirẹ̀ ní Kaduna títí ó fi fẹ̀yìntì. Mo ní olùrà pàápàá ti gbà. Mo gbé bírò. Ohun tó dá mi dúró kì í ṣe ẹsẹ̀ Bíbélì kankan. Ibi tí wọ́n tẹ orúkọ mi sí ni mo rí, níwájú gbólóhùn tó ní mo ti gba ₦4,000,000 "ní kíkún, láìkù síbì kan". Orúkọ bàbá mi ni orúkọ ìdílé mi. Ọwọ́ mi kò lọ.

Ọmọkùnrin kan wà tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹfà, tó di oníṣirò owó ní Ìlọrin. Mo pè é ní ọjọ́ kejì. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ta ló sọ fún yín pé orí gbogbo owó ilé ni wọ́n ń gba ìdámẹ́wàá? Orí èrè ni."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Orí èrè. Ó ṣàlàyé pé òfin tó kan títa dúkìá ní Nàìjíríà jẹ́ ti 1967, Òfin Kẹrìnlélógójì ti ọdún náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. Wọn kò tíì dá ìpínlẹ̀ Kwárà sílẹ̀ nígbà náà. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tó dá a. Àgbà ni òfin yìí sí ìpínlẹ̀ wa, àwa tí a bí síbẹ̀ kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ènìyàn á mú iye tó ta ilé, á yọ iye tí ilé náà jẹ́ nígbà tó bọ́ sí i lọ́wọ́ kúrò, á yọ owó tó ná láti mú ilé náà dára sí i, á yọ owó agbẹjọ́rò, ti ajẹ́ntì, ti awọnlẹ̀, ti ẹni tó díye lé e, ti ìpolówó ọjà pàápàá, àti owó tó ná bí ẹjọ́ bá dé lórí ilẹ̀ náà. Ohun tó bá kù ni èrè. Ìdámẹ́wàá èrè yẹn ni owó orí.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìwé bàbá mi, ẹ̀rù sì tún mú mi.

Bàbá wa ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó kọ gbogbo ìnáwó ilé náà sí. Gbogbo àpò sìmẹ́ńtì, gbogbo páànù, owó bíríkìlà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, owó obì àti ọtí tí wọ́n fi lé ìpìlẹ̀, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó lẹ́wà. Mo ṣe àròpọ̀ rẹ̀: ₦38,400. Ilé odidi! Mo wá ń rò ó pé bí wọ́n bá yọ ₦38,400 kúrò nínú ₦9,500,000, èrè á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Mo pe ọmọ náà padà, mo ní, "Ọmọ mi, ohun tí o sọ kò yọ mí."

Ó bi mí léèrè pé ṣé bàbá mi ra ilé náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní rárá, ó kọ́ ọ ni, ilẹ̀ ẹbí sì ni. Ó bi mí pé ọdún wo ni wọ́n kú. Mo sọ fún un. Ó wá ní kí n gbọ́ dáadáa. Òfin kò gba owó orí nígbà tí dúkìá bọ́ láti ọwọ́ olóògbé sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Owó orí ogún tó wà tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1979, ti kú láti 1996. Bí ọmọ bá wá tà á lẹ́yìn náà, wọ́n á wò ó bóyá ẹnì kan ti ra dúkìá náà lọ́jà rí ní iye tí a mọ̀. Bí kò bá sí, iye tí ilé náà tó ní ọjà ní ọjọ́ tí onílé kú ni wọn á fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ilé bàbá wa kò bọ́ sọ́jà rí. Nítorí náà 2011 ni ìṣirò tiwa ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 1983.

Mo jókòó sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo òru tí mo fi ń bá irọ́ jà lórí tábìlì, òótọ́ ti wà nínú òfin, ó ń dúró dè mí.

Olùdíyelé ilé tó ní ìwé àṣẹ ló bá wa wádìí iye tí ilé náà tó ní 2011. Ó wo ilé tí wọ́n tà ní Òsí àti agbègbè rẹ̀ ní àsìkò náà, ó wo bí ilé ṣe rí nígbà yẹn láti inú fọ́tò ìsìnkú bàbá wa. (Fọ́tò tí a yà nítorí aṣọ ẹbí ló fi hàn pé páànù ilé kò tíì dípẹtà.) Ó kọ ₦3,200,000. Ní 2017, èmi àti àbúrò mi ti Manchester ti yí páànù padà, a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, a mọ ọgbà yí ilé ká. Rìsíìtì tí a rí kó jọ jẹ́ ₦1,750,000. Owó káfíńtà àti ti àwọn bíríkìlà, tó lé ní ₦300,000, kò wọlé, torí pé ọwọ́ sí ọwọ́ la san án, kò síwèé. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe rí nìyẹn, ohun tí ènìyàn kò lè fi hàn kò ṣeé yọ. Ajẹ́ntì, agbẹjọ́rò, awọnlẹ̀ àti olùdíyelé gba ₦1,250,000 lápapọ̀.

Ẹ bá mi yọ wọ́n kúrò nínú ₦9,500,000. Ó ku ₦3,300,000. Ìdámẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ₦330,000.

Nítorí ₦330,000, tí yóò pín sí ọ̀nà márùn-ún, ₦66,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ni mo ṣe fẹ́ kọ irọ́ sórí orúkọ bàbá mi.

Ọmọ náà tún fi ohun kan hàn mí tí mo fẹ́ kí gbogbo olùrà ilé gbọ́. Bí a bá kọ ₦4,000,000 sínú ìwé, ẹni tí irọ́ náà máa jẹ́ ní ìgbẹ̀yìn ni olùrà. Ní ọjọ́ tí òun náà bá fẹ́ tà, ₦4,000,000 ni ìwé á sọ pé ó fi rà á. Bí ó bá tà á ní ₦15,000,000, wọ́n á ní ó jèrè ₦11,000,000, nígbà tí ₦5,500,000 péré ló jèrè. Yóò san owó orí lórí ₦5,500,000 tí kò wọ àpò rẹ̀ rí. Kò sì ní lè jiyàn, torí pé òun náà fọwọ́ sí i. Mo pe oníṣòwò náà, mo ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyá, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi." Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀.

Èyí tó le jù ni ìpàdé ẹbí. Àwọn àgbà ẹbí ti fọwọ́ sí títà náà ṣáájú, nítorí láìsí olórí ẹbí àti àwọn ọmọ pàtàkì, títa dúkìá ẹbí kò dúró. Ìyẹn kò le. Lórí bí a ó ṣe pín owó náà, àwọn kan fẹ́ ìdí-igi, ìyẹn pínpín ní ìyá sí ìyá, èyí tí ẹjọ́ dúkìá Suberu Dawodu ní Èkó, ẹni tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sáyé lọ, ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ títí dé ilé-ẹjọ́ Privy Council ní London ní 1962. Ẹjọ́ yẹn náà ló sọ pé olórí ẹbí lè ní kí a pín in ní orí-ò-jorí, iye kan náà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Dáwódù wa ní orí-ò-jorí ni, ọ̀rọ̀ sì tán níbẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kó dàgbà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ owó orí, àbúrò wa tó kéré jù dìde dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìjọba wo? Ìjọba wo lẹ fẹ́ lọ fún ní owó Bàbá?" Ó ka àìdára ojú ọ̀nà. Ó ka iná tí kì í dé. Ó ní bí alẹ́ bá ti lẹ́ báyìí, ta ló lè rin ọ̀nà oko? Ní àsìkò yẹn, kò tíì burú tó bó ṣe burú lẹ́yìn náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí a parí ọ̀rọ̀ ilé wa ni àwọn agbébọn wọ ààfin Olúkòrò ti Koro, Ọ̀gágun Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2024, wọ́n sì pa ọba náà. Ní oṣù kọkànlá 2025 ni wọ́n wọ ilé ìjọsìn CAC ní Eruku, tí wọ́n kó àwọn olùjọsìn lọ. Ìjọ tèmi ni CAC. Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn náà, ìbéèrè àbúrò mi ni mo tún gbọ́ nínú etí mi.

N kò ní ìdáhùn tó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn, n kò sì ṣe bí ẹni pé mo ní i. Ohun tí mo sọ fún un ni pé bí ìjọba bá jẹ wá ní gbèsè ààbò, a ó béèrè gbèsè náà ní gbangba, pẹ̀lú ẹnu wa. Irọ́ inú ìwé kò bá wa gba gbèsè kankan. Ẹni tó fi irọ́ pamọ́ sínú ìwé ilé rẹ̀ kò lè dìde ní ìpàdé ìlú láti bi alága ìjọba ìbílẹ̀ léèrè ohun tó fi owó ìlú ṣe. Ojú á tì í. Ó jókòó. Kò gbà, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó sì fọwọ́ sí i.

A sanwó náà fún KW-IRS, iléeṣẹ́ agbowó-orí ìpínlẹ̀ Kwárà, ní Ìlọrin, wọ́n fún wa ní rìsíìtì, wọ́n lu òǹtẹ̀ owó ìwé lé àgírímẹ́ǹtì, ó sì kọjá sí ọ̀nà àṣẹ tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ń béèrè. Kò rọrùn, ó sì gba àkókò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Nígbà tí a yọ gbogbo ìnáwó àti owó orí, ₦7,920,000 ló kù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ₦1,584,000. Èmi àti ti Manchester kò béèrè owó àtúnṣe 2017 padà.

Ọ̀rọ̀ ti Manchester yìí ló kọ́ mi ní ohun tó dùn mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ní Bìrìtìkó gbọ́dọ̀ ka dúkìá tó tà níbikíbi láyé fún àwọn agbowó-orí ibẹ̀. Àdéhùn kan wà láàárín Nàìjíríà àti Bìrìtìkó láti 1987 tí kì í jẹ́ kí wọ́n gba owó orí kan náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ó ní kí n fi rìsíìtì KW-IRS ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníṣirò rẹ̀ ṣe ìṣirò náà, pọ́n-ùn ló fi ṣe é, bí òfin wọn ṣe wí: iye ilé ní 2011 pẹ̀lú pààrọ̀ owó ọdún náà, iye tí a tà á ní 2023 pẹ̀lú pààrọ̀ owó ọdún náà. Ní 2011, pọ́n-ùn kan wà ní nǹkan bí ₦250. Ní ìparí 2023, lẹ́yìn tí Báńkì Àgbà tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, pọ́n-ùn kan ti kọjá ₦1,000. Ilé tó tó £12,800 nígbà ikú bàbá wa, kò tó £9,500 nígbà tí a tà á. Ní Manchester, a kò jèrè kankan. A pàdánù ni.

Mo sanwó, n kò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́: òfin 1967 yẹn kò wo bí owó ṣe ń rẹ̀ dànù. Ohun tó pè ní èrè wa, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àìlágbára náírà. Àwọn aṣòfin tó mọ̀ pé owó ń rẹ̀ dànù lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ó ń rẹ̀ dànù nínú ògiri ilé wọn pẹ̀lú. Òtítọ́ tí mo fi sínú ìwé ló fún mi lẹ́nu láti sọ èyí.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, òfin tuntun ti dé, èyí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà 2025. Ìdámẹ́wàá fún gbogbo ènìyàn ti dópin. Wọ́n ń da èrè ilé pọ̀ mọ́ owó tó wọlé fún ènìyàn lọ́dún náà, wọ́n sì ń gba owó orí ní ìpele ìpele. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé ìyẹn jẹ́ ìdá 18, ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé ìdá 25 fún ohun tó bá kọjá ₦50,000,000. Mo tún ìṣirò tiwa ṣe. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá jèrè ₦3,300,000 yẹn láìní owó mìíràn, ₦384,000 ni yóò san. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ka èrè náà sí ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, ₦660,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò ní owó mìíràn tí òfin ń gba owó orí lé lórí kò ní san kọ́bọ̀. Irú èmi yìí, tí owó ìfẹ̀yìntì nìkan ni mo ń jẹ, òfin sì yọ owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀, n kò ní san nǹkan kan. Nítorí náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ẹbí tó bá fẹ́ tà jókòó ti oníṣirò, kí wọ́n mọ orúkọ àwọn tí èrè náà jẹ́ tiwọn.

Àwọn òbí tó ṣì wà láàyè, tí wọ́n fẹ́ ta ilé tí àwọn fúnra wọn ń gbé, kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Òfin àtijọ́ dá ilé tí ènìyàn fi ṣe ibùgbé gan-an sí, pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀ tí kò ju éékà kan lọ, òfin tuntun náà sì dá ilé ibùgbé ẹni sí. Ká ní bàbá wa ló ta ilé rẹ̀ ní Òsí nígbà ayé rẹ̀, tó sì jẹ́ pé inú rẹ̀ ló fi ṣe ibùgbé, ó ṣeé ṣe kó má san ohunkóhun.

Ìlọ́fà ni ìyá mi ti wá. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó kù papòdà lọ́dún tó kọjá, ó fi ilé méjì àti oko kan sílẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, kí àwọn àlejò tó túká, mo ní kí a pe olùdíyelé wá wo àwọn ilé náà, kí ó kọ iye tí wọ́n tó ní ọdún tí olóògbé kú. Àwọn kan bínú. Wọ́n ní a kò tíì ká aṣọ ọ̀fọ̀, mo ti ń ṣírò ogún. Ìyàwó olóògbé ló dá wọn lẹ́kun. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin náà wọlé, kí ó sì ka yàrá ẹ̀yìn mọ́ ọn, torí pé òun àti ọkọ òun jọ fi owó kòkó kọ́ ọ ni. Ó bọ́ sínú yàrá rẹ̀, ó gbé páálí kan tó kún fún rìsíìtì jáde. Olùdíyelé náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ mi.